Ọ̀rọ̀ «Ọmọ Wa Ni» Kò Lè Tún Ìlú Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè má dùn létí, ṣùgbọ́n àwọn baba wa ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrù-hẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó sọ̀rọ̀ dáadáa, ó sì mú àbá kan wá: pé nígbà ìbò tí ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ wa yan olùdíje kan tí í ṣe ọmọ Yorùbá, kí a sì pàṣẹ fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, láti Kétu dé Ṣábẹ́, láti Pobẹ̀ dé Àjàṣẹ́, pé òun ni kí wọ́n dìbò fún. Ìdí tí ó fi sílẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: «Ọmọ wa ni, ó tó àsìkò tiwa.» Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Díẹ̀ ló kù kí èmi náà pàtẹ́wọ́. Àbá náà yóò padà wá sí iwájú ìpàdé gbogbogbòò. Mo kọ èyí láti bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ̀ ọ́.

N kò fi àbúrò mi yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ń dùn ún ń dun èmi náà. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, wọn a gbé «signal» kọ́ ọ lọ́rùn, a ó sì máa fi ṣẹ̀sín títí yóò fi rí ẹlòmíràn tí yóò gbé e fún. Mo ti gbé e kọ́rùn rí. Ẹni tí ó ti gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọ́rùn mọ ìdí tí ènìyàn fi lè fẹ́ kí ọmọ ilé rẹ̀ jókòó lórí àga àṣẹ. Ṣùgbọ́n ìrora kì í ṣe ọgbọ́n. Aláìsàn tí ó mọ ibi tí ń dùn ún lè ṣi oògùn lò.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn tiwa, nítorí ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Dàhòmì gba òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1960, ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó pé ni wọ́n ti pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ẹgbẹ́ òṣèlú kan, Union Progressiste Dahoméenne, kó àwọn ọ̀mọ̀wé láti oríṣiríṣi ẹkùn jọ. Ní ọdún 1951, nígbà tí ilẹ̀ wa ní àyè láti rán aṣojú méjì lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Paris dípò ẹyọ kan, ẹgbẹ́ náà tú ká. Kì í ṣe nítorí pé Bàrìbá kò gbọ́ èdè Fọ̀n ni ó fi tú ká. Aáwọ̀ lórí orúkọ àwọn olùdíje ni ó tú u ká. Sourou Migan Apithy dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó fi Àjàṣẹ́ àti gúúsù-ìlà-oòrùn ṣe odi. Hubert Maga kó àríwá jọ sábẹ́ ẹgbẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ ń jẹ́ Groupement Ethnique du Nord. Justin Ahomadégbé náà fi Àgbómẹ̀ àti agbègbè rẹ̀ ṣe ibi ìsádi. Ẹ kíyè sí i: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ọ̀mọ̀wé, èdè Faransé kan náà ni wọ́n fi ń bá ara wọn jà, síbẹ̀ olúkúlùkù wọn padà sílé lọ sọ fún àwọn ará rẹ̀ pé àwọn méjì yòókù ń bọ̀ wá jẹ wọ́n run.

Òfin ìbò tún bu epo sí iná náà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1959, ẹgbẹ́ Ahomadégbé ni ó ní ìbò tí ó pọ̀ jù lọ, ṣùgbọ́n ìjókòó 11 péré ni ó bọ́ sí i lọ́wọ́ nínú 70. Ẹgbẹ́ Apithy ní 37, ti Maga ní 22. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì tún ìjókòó náà pín sí 28, 22 àti 20. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1960, Maga àti Apithy da ẹgbẹ́ wọn pọ̀, wọ́n sì gba gbogbo ìjókòó 60 tí ó wà nílé ìgbìmọ̀. Ẹgbẹ́ Ahomadégbé, tí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn olùdìbò tẹ̀ lé, kò rí ẹyọ kan. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì ti olórí rẹ̀ mọ́lé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi ara yín sí ipò ọmọ Àgbómẹ̀ kan ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó dìbò, ìbò rẹ̀ kò so èso kankan. Ta ni yóò sọ fún un pé ìjọba yìí jẹ́ tirẹ̀?

Ohun tí ó tẹ̀ lé e kò ṣàjèjì sí àwọn àgbà wa. Láti oṣù kẹwàá ọdún 1963, nígbà tí Christophe Soglo gba ìjọba lọ́wọ́ Maga, títí dé oṣù kẹwàá ọdún 1972, àwọn ológun fi ipá yí ìjọba padà ní 1963, ní 1965, ní 1967, ní 1969, àti ní 1972. Nígbà tí wọ́n kó Maga kúrò, inú bí Parakú. Nígbà tí wọ́n kó Apithy àti Ahomadégbé kúrò, inú bí gúúsù. Ní ọdún 1968, wọ́n ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má ṣe díje. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì sọ fún àwọn ará wọn kí wọ́n jókòó sílé. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn olùdìbò ni ó jáde. Dókítà kan, Basile Adjou Moumouni, wọlé. Àwọn ológun sì fagi lé ìbò náà. Ẹ wo agbára tí ọ̀rọ̀ «ọmọ wa ni» ní: ó lè mú kí gbogbo orílẹ̀-èdè jókòó sílé, ṣùgbọ́n kò lè gbẹ́ kànga kan.

Ní oṣù kẹta ọdún 1970, wọ́n tún dìbò, láti ẹkùn kan dé èkejì, kì í ṣe lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí ó kan Atakora, tí ó dà bí ẹni pé Maga ni yóò borí, àwọn ológun dá a dúró. Ní àríwá, a gbọ́ ìhàlẹ̀ ìyapa. Ní Àjàṣẹ́, a gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ mú ẹkùn wọn lọ dara pọ̀ mọ́ Nàìjíríà. Ẹ má gbàgbé pé oṣù kìn-ín-ní ọdún kan náà ni ogun Biafra ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Kí ilé má baà jó, wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Ààrẹ sílẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò máa jẹ ààrẹ ní ọdún méjì méjì, bí ẹni ń jẹ oyè ìdílé. Maga jẹ tirẹ̀ parí. Ahomadégbé gba ipò ní oṣù karùn-ún ọdún 1972. Kò tíì lo oṣù mẹ́fà tí Mathieu Kérékou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi gba ìjọba ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá. Àsìkò Apithy kò dé láéláé.

Àbúrò mi, ìwọ tí o sọ pé «ó tó àsìkò tiwa», ìdáhùn rẹ nìyẹn. A ti jẹ ọ̀rọ̀ àsìkò yìí rí ní ilẹ̀ yìí, a mọ bí ó ti korò. Bí ìjọba bá di oúnjẹ tí a ń jẹ ní ẹ̀yọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ń jẹ kò ní rántí ẹni tí ń dúró, ẹni tí ń dúró kò sì ní fẹ́ kí ẹni tí ń jẹ rí oúnjẹ gbé mì. Ẹni kẹta wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìbọn, ó ń retí kí ariwo pọ̀ tó.

Àwọn kan yóò sọ pé, «Olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ ju ìṣèlú lọ. A yàtọ̀ síra wa. Ogun àtijọ́ kò tíì tán nínú wa.» Òtítọ́ ni pé a yàtọ̀, ìka kò dọ́gba. Òtítọ́ ni pé àwọn ọmọ ogun Dàhòmì run Kétu ní ọdún 1886, a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí pé ta ni ó ń rántí ogun náà, àti ìgbà wo ni ó ń rántí rẹ̀. Ìyálọ́jà tí ń ta gàrí fún ará Bọ̀híkọ̀n ní ọjọ́ ọjà kò rántí rẹ̀. Ọkùnrin ará Kétu tí ó fẹ́ ọmọ Fọ̀n kò fi ṣe ẹ̀bùn ìgbéyàwó. Olóṣèlú ni ó ń lọ gbẹ́ e jáde nígbà tí oṣù méjì bá kù kí a dìbò, tí kò sì ní ohun mìíràn láti fi han àwọn ènìyàn. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ìyàtọ̀ wa ni ògiri náà. Kì í ṣe òun ni aláǹgbá.

Bí ẹ bá sì rò pé ẹ̀jẹ̀ kan àti èdè kan ni yóò gbà wá, ẹ gbójú sókè wo àwọn ìbátan wa ní ìhà kejì ìlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889, ìlà tí ó fi Kétu sí ìhín, tí ó fi Mẹ̀kọ sí ọ̀hún. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, Yorùbá ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Yorùbá ni Ládòkè Akíntọ́lá, inú ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà ni wọ́n sì ti jáde. Ní ọdún 1962, àwọn aṣòfin wọn ń ju àga lu ara wọn nínú ilé ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn ìbò oṣù kẹwàá ọdún 1965, Yorùbá ń da bẹntiróòlù sí ilé Yorùbá, wọ́n ń pariwo «wẹ́tiẹ̀», wọ́n ń ṣáná sí i. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, àwọn ológun gba ìjọba, wọ́n sì pa Akíntọ́lá. Kò sí Fọ̀n níbẹ̀, kò sí Bàrìbá níbẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe àjèjì ni ó ń fọ́ ìlú. Ìṣèlú tí ẹni tí ó borí ti ń kó gbogbo rẹ̀, tí ẹni tí ó pàdánù sì ń lọ sẹ́wọ̀n, òun ni ó ń fọ́ ìlú, ìbáà jẹ́ ìlú elédè kan.

Ẹ wo Tógò pẹ̀lú, níbi tí àwọn ará wa, àwọn Ifẹ̀ ti Atakpamé, ń gbé láàárín àríwá àti gúúsù. Wọ́n pa Sylvanus Olympio, ààrẹ àkọ́kọ́, ní ọjọ́ 13 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1963. Ní ọjọ́ kan náà ní 1967, Gnassingbé Eyadéma, ọmọ Kabiyè láti àríwá, gba ìjọba, kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi kú ní 2005, tí ọmọ rẹ̀ sì bọ́ sí ipò náà. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ «àwọn ará àríwá» àti «àwọn ará gúúsù» kò kúrò lẹ́nu níbẹ̀. Ẹ bi mẹ̀kúnnù Kabiyè tí ń roko lórí òkè olókùúta bóyá òun náà wà nínú àwọn tí ń jọba.

Kí ẹ má sì sọ pé a kò tíì gbìyànjú rẹ̀ rí. Ọ̀gbẹ́ni Boni Yayi, tí a bí ní Tchaourou, tí baba rẹ̀ jẹ́ Nàgó, jẹ ààrẹ orílẹ̀-èdè yìí láti 2006 dé 2016. N kò wá dá a lẹ́jọ́ níhìn-ín. Ìbéèrè kan ni mo ní: lẹ́yìn ọdún 10, ǹjẹ́ Yorùbá di èdè tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò bac? Rárá. Ǹjẹ́ Fọ̀n di bẹ́ẹ̀ nígbà tí Ahomadégbé tàbí Nicéphore Soglo wà lókè, tàbí Bàrìbá nígbà Maga? Rárá. Faransé nìkan ni èdè ìjọba títí di òní. Ọmọ ẹni lè gun orí àga, kí àga má sì yí ẹsẹ̀ padà.

Ṣùgbọ́n kòtò kejì wà lójú ọ̀nà yìí, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ mi bọ́ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn 1972, ìjọba tí ó dé sọ pé òun yóò pa «régionalisme» run. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975, wọ́n pa orúkọ Dàhòmì dà sí Bẹ̀nẹ̀, nítorí pé Dàhòmì jẹ́ orúkọ ìjọba Àgbómẹ̀ nìkan. Ìyẹn dára, ọmọ Kétu kò ní sunkún nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀, ẹni tí ó bá sì sọ̀rọ̀ òdì, ẹ̀wọ̀n ni. Ìyàtọ̀ kò kú. Ó lọ sápamọ́. Nígbà tí a padà dìbò ní 1991, àríwá tò sẹ́yìn Kérékou, gúúsù tò sẹ́yìn Soglo, bí ẹni pé àná ni 1970. Ẹni tí ó bá bo egbò mọ́lẹ̀ fún ọdún 17 kò gbọdọ̀ yà á lẹ́nu pé kò jinná. Títí di òní, àwọn kan wà tí yóò gbọ́ pé ẹgbẹ́ wa ń kọ́ ọmọdé ní Yorùbá, tí wọn yóò sì ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni wá. Irọ́ ni. Òfin ìpìlẹ̀ ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 sọ ní ìlà 11 rẹ̀ pé gbogbo àwùjọ ilẹ̀ yìí ni ó ní òmìnira láti lo èdè wọn, kí wọ́n sì gbé àṣà wọn ga. Fífẹ́ràn èdè ìyá ẹni kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Fífi í ṣe páálí ìbò ni ẹ̀ṣẹ̀.

Òfin kan náà ni ó fi hàn pé a lè ṣe nǹkan lọ́nà mìíràn. Kí ó tó di òfin, àwọn aṣojú láti gbogbo ẹkùn jókòó ní Kútọnu fún ọjọ́ 10 ní oṣù kejì ọdún 1990, Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ni ó sì darí wọn. Wọ́n jà lẹ́nu, wọ́n sunkún, wọn kò fa ìbọn. Ohun tí ó mú wọn ṣe àṣeyọrí ni pé ọ̀rọ̀ òfin ni wọ́n jókòó lé lórí: báwo ni a ó ṣe dín agbára ààrẹ kù, ta ni yóò máa dá ẹjọ́ láàárín ìjọba àti ará ìlú. Nígbà tí a béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, Natitingú àti Àjàṣẹ́ rí ohun tí wọ́n jọ fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì mi. Ní ọdún kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fẹ́ yan olórí kíláàsì. Mo ní kí olúkúlùkù wọn kọ ìdí tí ó fi yan ẹni tí ó yàn sẹ́yìn ìwé ìbò rẹ̀. Nígbà tí mo tú wọn wò, púpọ̀ nínú wọn kò kọ ju «ará wa ni» lọ. Àwọn kan kọ ọ́ ní Faransé, «c'est notre frère». Ọmọbìnrin kan nìkan ni ó kọ pé, «Ó máa ń dá chalk padà.» Inú bí mi, mo fẹ́ bá wọn wí. Nígbà náà ni mo rántí pé èmi fúnra mi, ní ìbò tí mo kọ́kọ́ dì láyé mi, orúkọ ìdílé olùdíje ni mo wò, n kò ka ohunkóhun mìíràn. Ibo ni àwọn ọmọ náà ti kọ́ ọ, bí kò ṣe lọ́dọ̀ wa?

Kí wá ni kí ẹgbẹ́ wa ṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, kí a kọ àbá yìí. Òfin àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ilẹ̀ wa kò gbà kí a dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ lórí ẹ̀yà tàbí ẹkùn. Kí ẹgbẹ́ àṣà má ṣe gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ṣe ohun tí òfin lé jáde ní ẹnu ọ̀nà. Lẹ́ẹ̀kejì, kí a pe gbogbo olùdíje, ìbáà jẹ́ ọmọ Kétu tàbí ọmọ Kàǹdí, kí a bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà ní gbangba: kí ni ẹ ó ṣe nípa èdè abínibí ní ilé ẹ̀kọ́? Kí ni ẹ ó ṣe nípa ọ̀nà àti omi ní ẹkùn Plateau àti Collines? Báwo ni ẹ ó ṣe jíhìn owó ìlú? Kí a kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn yìí ní èdè méjèèjì, kí a sì tún un tẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa kọ́ èdè mìíràn ilẹ̀ yìí kún Yorùbá: Fọ̀n, Ègùn, Bàrìbá, èyí tí ó bá wù ú. Kí ó lọ sí Kàǹdí, kí ó gbọ́ bí àwọn Mọ̀kọ́lé ṣe ń sọ èdè tí ó bá tiwa tan ní àárín àríwá jìnnà; yóò mọ̀ pé ìlà tí àwọn olóṣèlú fà kò bá ilẹ̀ mu.

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, mo mọ̀ pé ẹ ti rí ju èmi lọ. Ẹ̀yin ni ẹ gbé inú Dàhòmì. Inú ìwé ni èmi ti bá a pàdé. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yìí bí ó ti rí, nígbà tí a ń jí ní àárọ̀ tí rédíò ń kọ orin ológun. Ẹ sọ fún wọn pé ẹkùn mẹ́ta ní ọmọ lórí àga nígbà náà, kò sì sí èyí tí ó yó nínú wọn.

Ní ọjọ́ ìpàdé gbogbogbòò, wọn yóò ní kí àwọn tí ó fara mọ́ àbá náà na ọwọ́ sókè. Ọwọ́ mi yóò wà nílẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí tiyín náà wà nílẹ̀.